Ìjà Tí Kì Í Tán Nínú Eré Àwọn Ọmọ Wa

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, àgbà àti ọ̀dọ́, ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé eré tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí ọ̀pọ̀ òbí ní Atakpamé ni ó ti ń béèrè ohun tí àwọn ọmọ wọn ń fi bébà, lẹ́ẹ̀dì àti dáìsì ṣe ní ọ̀sán Ọjọ́rú. Eré náà ni àwọn Faransé ń pè ní jeu de rôle. Àwa ń pè é ní eré àgbéwọ̀, nítorí pé olúkúlùkù nínú rẹ̀ a máa gbé ìwà ẹlòmíràn wọ̀ bí ẹni gbé ẹ̀wù wọ̀. Ọ̀kan á di ọdẹ, èkejì á di oníṣègùn, ẹ̀kẹta á di oníṣòwò kọfí. Olùdarí eré á jókòó láàrin wọn, iṣẹ́ rẹ̀ sì jọ ti apàlọ́: òun ni yóò sọ ibi tí wọ́n dé àti ẹni tí wọ́n pàdé lójú ọ̀nà, tí yóò sì béèrè lọ́wọ́ wọn pé, "Kí ni ẹ ó ṣe?" Bí wọ́n ti ń dáhùn ni ìtàn ń lọ. Bí ohun tí ẹnìkan fẹ́ ṣe bá ṣòro, á ju dáìsì bí a ti ń jù ú nínú lúdò, kí gbogbo wọn lè mọ̀ bóyá ó bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i.

Ẹni tí ó bá mọ àlọ́ ti mọ ìdajì eré yìí. Nínú àlọ́, àwa tí a ń gbọ́ kàn ń gbe orin ni; a kò lè gba ìjàpá nímọ̀ràn kí ó tó ṣe wèrè rẹ̀. Nínú eré àgbéwọ̀, ẹni tí ń gbọ́ ìtàn ni ó ń pinnu ohun tí ìjàpá yóò ṣe. Ìdí nìyí tí àwa olùkọ́ fi fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ tí kì í la ẹnu ní kíláàsì á la ẹnu níbẹ̀, nítorí kì í ṣe òun ni ó ń sọ̀rọ̀, oníṣègùn tàbí ọdẹ ni. Ó sì tún ní èrè kejì tí ó ṣe pàtàkì fún ìwé ìròyìn bíi tiwa: àwọn ọmọ náà a máa fi Ifẹ̀, èdè ilé wọn, ṣe eré yìí, láìsí ẹni tí ó pàṣẹ fún wọn.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà nínú eré náà, òun ni a sì torí rẹ̀ mú gègé. Bí ìjà bá ti bẹ̀rẹ̀, ìtàn á dúró.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí a fi ojú rí. Àwọn ọmọ márùn-ún ni ó ń ṣeré lọ́jọ́ náà, ọmọ kíláàsì première kan sì ni olùdarí. Ìtàn wọn dára. Wọ́n ń gbé oògùn láti Atakpamé lọ sí abúlé kan lórí òkè, ní ọ̀nà Badou, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dé kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí aláìsàn ń dúró. Ní orí afárá kan, ọlọ́ṣà mẹ́fà yọ sí wọn. Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù. Nígbà tí ìjà náà parí, oòrùn ti ń wọ̀. Kò sí ẹni tí ó rántí aláìsàn mọ́.

Àwa tí a jókòó tì wọ́n ṣe ìṣirò kan sí ẹ̀yìn ìwé. Òfin eré wọn ni pé kí olúkúlùkù dúró de ìgbà tirẹ̀. Ọmọ márùn-ún pẹ̀lú ọlọ́ṣà mẹ́fà jẹ́ ènìyàn 11. Bí ti ẹnì kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú 2, yípo kan á gba ìṣẹ́jú 22. Nínú wákàtí 3, yípo 8 péré ni yóò wáyé. Èyí túmọ̀ sí pé ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣeré fún ìṣẹ́jú 16, ó sì fi ohun tí ó lé ní wákàtí 2 àti ààbọ̀ wo àwọn yòókù. Bí olùkọ́ kan bá kọ́ni báyìí, olùbẹ̀wò yóò kọ lẹ́tà sí i.

Ohun tí ó dùn wá jù kì í ṣe àkókò. Èdè ni. Kí àwọn ọlọ́ṣà tó dé, Ifẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ń dárúkọ igi, wọ́n ń kí àgbà ọ̀nà, wọ́n ń pa òwe tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ìyá ìyá wọn. Bí dáìsì àkọ́kọ́ ti bọ́ sílẹ̀, gbogbo ẹnu yí padà sí Faransé: "Dix-sept moins cinq, douze. À toi." Kì í ṣe pé èdè wa kò lè ka iye, ẹni tí ó bá pe mẹ́tàdínlógún ti yọ mẹ́ta kúrò nínú ogún kí ó tó pa ẹnu dé. Ṣùgbọ́n kò sí ohun mìíràn tí ó kù láti sọ ju iye lọ, ilé-ẹ̀kọ́ sì ni wọ́n ti kọ́ iye. Àwọn àgbà ní ìjà ló dé lorin dòwe. Nídìí tábìlì yẹn, ìjà dé, ọ̀rọ̀ di òǹkà.

Nígbà tí ọlọ́ṣà mẹ́rin ti ṣubú, méjì ni ó kù. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé wọn kò lè borí mọ́. Síbẹ̀, òǹkà ẹ̀mí wọn, tí àwọn Faransé ń pè ní points de vie, kò tíì tán lórí bébà, nítorí náà ni a fi tún ju dáìsì fún ogójì ìṣẹ́jú. Ọmọbìnrin tí ó gbé ìwà oníṣègùn wọ̀ yíjú sí wa, ó ní, "Monsieur, ẹ jọ̀wọ́, ṣé àwọn méjì yìí kò ní ilé ni? Ṣé wọn kò mọ̀ pé ènìyàn lè sá ni?" Kò wá ní Ọjọ́rú tí ó tẹ̀ lé e. Ẹlòmíràn náà kò wá.

Ìbéèrè ọmọ yẹn kò kúrò lọ́kàn wa, a sì wá ìdáhùn rẹ̀ lọ sínú ìtàn eré náà fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1824, ọ̀gágun ọ̀dọ́ kan ní ilẹ̀ Prussia, tí ó di apá kan Jámánì lẹ́yìn náà, tẹ òfin eré ogun kan jáde. Reisswitz ni orúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ dá eré náà sílẹ̀. Wọ́n pè é ní Kriegsspiel. Àwọn ọ̀gá ológun a máa ṣe é lórí àwòrán ilẹ̀. Yípo kọ̀ọ̀kan dúró fún ìṣẹ́jú 2 ogun, dáìsì àti àkójọ òǹkà a sì máa sọ iye ọmọ ogun tí ó ṣubú. Òfin náà pọ̀, ó sì wúwo. Ní ọdún 1876, ọ̀gágun mìíràn, Julius von Verdy du Vernois, dámọ̀ràn pé kí wọ́n pa àkójọ òǹkà wọ̀nyẹn tì, kí adájọ́ tí ó mọ ogun dáadáa máa fi òye rẹ̀ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹ rí i pé ẹjọ́ tí a ń dá lónìí ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Irú àwọn eré ogun bẹ́ẹ̀ ni ó dé Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1971, Gary Gygax àti Jeff Perren tẹ òfin kan jáde tí wọ́n pè ní Chainmail, fún àwọn tí ń fi ère ọmọ ogun kéékèèké jà lórí tábìlì. Ní ọdún 1974, Gygax kan náà àti Dave Arneson tẹ Dungeons & Dragons jáde, èyí tí a mọ̀ ní èdè Faransé sí Donjons et Dragons. Òun ni bàbá gbogbo eré àgbéwọ̀ òde òní. Ọmọ ogun ni eré náà. Kí ó má yà wá lẹ́nu bí ó bá ń rántí ilé baba rẹ̀.

Ẹgbẹ́ tiwa, àwa tí a lọ sí lísé ní àwọn ọdún 1990, mọ ẹ̀ka kan nínú ìdílé yìí: àwọn ìwé Gallimard tí a kọ "Un livre dont vous êtes le héros" sí lára. Èyí tí ó lókìkí jù nínú wọn ni Le Sorcier de la Montagne de Feu, tí Steve Jackson àti Ian Livingstone kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1982. Nínú ìwé yìí, òǹkàwé a máa ju dáìsì méjì fún ara rẹ̀, á ju méjì fún ọ̀tá, á fi agbára kọ̀ọ̀kan kún un. Ẹni tí tirẹ̀ bá kéré ni yóò pàdánù 2 nínú Endurance rẹ̀. Bí òǹkàwé bá ní 18, tí ọ̀tá sì ní 12, ìjà kan kò lè dín ní yípo 6, ó sì lè di yípo 14, láìka ìgbà tí ọ̀mì bá wà. Yípo 14 jẹ́ dáìsì 56, fún ọ̀tá kan ṣoṣo tí orúkọ rẹ̀ kò ní hàn mọ́ láéláé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rẹ́ wa a máa ṣí ojú ewé tí ó kàn bí ẹni pé wọ́n ti ṣẹ́gun. Kì í ṣe olè ni wọ́n. Ìtàn ni wọ́n ń wá.

Ṣé gígùn ni ẹ̀bi ìjà, nígbà náà? A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ọpọ́n ayò, tí àwọn Faransé ń pè ní awalé. Ihò 12 ni ó ní, ọmọ ayò 48 sì ni a fi ń ta á. Àwọn àgbà lè ta á láti ìrọ̀lẹ́ títí di ìgbà tí a kò rí ọmọ ayò mọ́, kò sì ní sú ẹni tí ń wòran. Ìdí rẹ̀ rọrùn. Bí alátakò rẹ bá ta, ọpọ́n tìrẹ náà ni ó yí padà. O kò lè sùn dúró de ìgbà tìrẹ. Ẹnu kì í dákẹ́ nídìí ọpọ́n náà: ọ̀ta ń fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn òǹwòran ń dá sí i. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni èyí: bí ẹnìkan bá ti jẹ 25 nínú 48, ó ti borí. Kò sí ẹni tí yóò ní kí a máa ta á lọ títí ọmọ ayò tí ó kẹ́yìn yóò fi tán kí a tó gbà pé ọ̀pẹ ti di ọ̀pẹ. Wọn á kó ọpọ́n, wọn á bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Ìjà tí ó ń súni ni ìjà tí ó ti parí lọ́kàn gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n tí kò sí òfin tí ó gba ẹnikẹ́ni láàyè láti wí bẹ́ẹ̀.

Bí ẹnìkan bá ní ogun tòótọ́ kò rí bí ayò, kí ó jẹ́ kí a mú un lọ sí Kamina, tí kò jìnnà sí ìlú wa. Níbẹ̀ ni àwọn ará Jámánì kọ́ ibùdó ńlá kan sí, tí ó ń fi ìròyìn ránṣẹ́ láìlo okùn wáyà, tí ó sì lè bá Nauen ní ẹ̀bá Berlin sọ̀rọ̀. Ogun àgbáyé bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1914, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé sì gba ojú irin Lomé gòkè wá nítorí ibùdó yìí. Ní ọjọ́ 22 oṣù náà, àwọn ará Jámánì dúró dè wọ́n létí odò Chra. Wọ́n ti fọ́ afárá, wọ́n ti gbẹ́ yàrà. Wọ́n jà ní ọjọ́ yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú, àwọn tí ó kọlù wọ́n kò sì rí yàrà náà gbà. Ibojì àwọn kan nínú àwọn tí ó kú wà ní Wahala títí di òní. Lóru, àwọn tí kò tíì pàdánù yàrà wọn dìde, wọ́n padà sẹ́yìn. Ní òru ọjọ́ 24 sí 25, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn wó àwọn òpó irin gíga Kamina lulẹ̀ kí ọ̀tá má bàa rí wọn lò. Ní ọjọ́ 26, wọ́n juwọ́ sílẹ̀.

A máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn yìí, a sì máa ń mú wọn lọ wo àwókù rẹ̀. Ẹ wò ó: kò tó oṣù kan tí ogun Togo fi bẹ̀rẹ̀ tí ó sì parí, kò sì sí ìhà kankan tí ó jà títí ẹni ìkẹyìn fi ṣubú. Ìhà kan ní ohun tí ó fẹ́ gbà, ìhà kejì ní ohun tí kò fẹ́ kí ó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Nígbà tí ohun náà kò sí mọ́, ìjà kò ní ìdí mọ́. Àwọn ọlọ́ṣà orí afárá tiwa kò ní ohun tí wọ́n fẹ́. Òǹkà ẹ̀mí nìkan ni wọ́n ní.

Àwọn tí ó dá eré náà sílẹ̀ kò ṣàìmọ̀ èyí. Nínú Dungeons & Dragons ti ọdún 1981, èyí tí Tom Moldvay tún ṣe fún àwọn olùbẹ̀rẹ̀, a fún irú ọ̀tá kọ̀ọ̀kan ní òǹkà ìgboyà, láti 2 dé 12. Bí ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn bá kú, olùdarí á ju dáìsì méjì. Bí ìdajì wọn bá ti ṣubú, á tún jù ú. Bí iye dáìsì bá ju òǹkà ìgboyà lọ, wọ́n á sá tàbí kí wọ́n túúbá. Òfin náà kò sí mọ́ nínú ìwé tí ó jáde ní ọdún 2000, ìwé ti ọdún 2008 sì di ìwé tí ọ̀pọ̀ òṣèré ń dárúkọ bí wọ́n bá ń ráhùn nípa ìjà tí kì í tán. Ohun tí a yọ kúrò lè dà bí ohun kékeré. Ẹ̀tọ́ àtibẹ̀rù ni a gbà lọ́wọ́ ọ̀tá, ẹni tí kò sì lè bẹ̀rù kò lè sọ̀rọ̀.

A gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú àwọn ọmọ, àwa àti wọn sì fi àṣà mẹ́ta lélẹ̀. Èkíní, kí dáìsì tó bọ́ sílẹ̀, olùdarí á kọ sórí bébà kékeré kan ohun tí ọ̀tá ń wá àti ohun tí yóò mú kí ó jáwọ́. Èkejì, bí ẹni àkọ́kọ́ bá ṣubú, tàbí bí ìdajì bá ti lọ, olùdarí á béèrè pé, "Ó tó, àbí kò tó?" Dáìsì méjì ni yóò dáhùn, bí òfin ọdún 1981. Ẹ̀kẹta, bí gbogbo ènìyàn bá ti rí òpin ìjà, a kò ní ka iye mọ́. Ọmọ kan á fi Ifẹ̀ sọ bí ó ṣe parí, bí àwọn aláyò ti ń kó ọpọ́n.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó fẹ́ràn ìṣirò takò wá. Ó ní, "Bí ọ̀tá bá lè sá, kí ni ìṣẹ́gun wa?" Ìbéèrè rẹ̀ tọ́, ó sì yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún un. Ìjà wà tí a kò gbọdọ̀ gé kúrú, èyí tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí yóò yọrí sí. Nínú oṣù yẹn kan náà, a rí ìjà kan tí ó gba odindi ọ̀sán kan nínú ilé kan tí ń jó. Yípo kọ̀ọ̀kan ni iná ń gba yàrá kan, tí àwọn ọmọ ń yan ẹni tí wọn yóò gbé jáde. Kò sú ẹnikẹ́ni, àní ọmọ oníṣirò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. A kò sọ pé kí dáìsì dákẹ́. A ní kí ó dákẹ́ nígbà tí kò bá ní ohun tuntun láti sọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọbìnrin oníṣègùn náà padà wá. Ọlọ́ṣà tún wà lójú ọ̀nà. Nígbà tí mẹ́ta nínú wọn ti ṣubú, dáìsì méjì wí pé ó tó. Àwọn yòókù ju àdá sílẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní àwọn túúbá. Ìgbà yẹn gan-an ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kò sí dáìsì tí ó lè sọ ohun tí a ó ṣe sí ẹni tí ó kúnlẹ̀. Ọdẹ fẹ́ pa wọ́n. Oníṣòwò fẹ́ kí wọ́n san owó. Oníṣègùn ní kí wọ́n bá wọn ru oògùn gòkè. Wọ́n jiyàn fún ogún ìṣẹ́jú, Ifẹ̀ ni wọ́n sì fi jiyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n ṣẹ̀bi, wọ́n làjà, wọ́n fi ẹnu àgbà sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wọn kò mọ bí a ti ń gba ìbúra lọ́wọ́ ẹni tí a kò fọkàn tán. Ó lọ bi ìyá àgbà rẹ̀ léèrè, ó sì mú ọ̀rọ̀ mẹ́ta bọ̀ tí àwa olùkọ́ kò gbọ́ rí, tí kò sì sí nínú ìwé kankan tí a ní ní ilé-ẹ̀kọ́. A kọ wọ́n sórí pátákó.

Nítorí náà ni a ṣe ń rọ ẹ̀yin òbí pé kí ẹ má ṣe lé eré yìí jáde nítorí ìjà tí ẹ rí nínú rẹ̀. Ẹ jókòó tì wọ́n. Bí wọ́n bá béèrè lọ́wọ́ yín bí a ti ń parí aáwọ̀ láàrin ìyàwó ilé, láàrin àdúgbò méjì, láàrin àgbẹ̀ àti darandaran, ẹ dá wọn lóhùn ní kíkún, nítorí ohun tí ìwé òfin wọn kò ní nìyẹn, ẹ̀yin ni ẹ sì ní in.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń darí eré, ẹ rántí ohun tí àwọn baba wa wí: bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Kí ẹ tó fi ọ̀tá kan sójú ọ̀nà, ẹ kọ ohun tí ó ń wá sílẹ̀. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan kọ, ẹ jẹ́ kí àwọn arìnrìn-àjò kọjá lórí afárá náà ní àlàáfíà. Aláìsàn ń dúró de oògùn.